Bí ẹ ṣe lè mọ irú kírísítà tó wà nínú kópólímà sítáírín yín, àti bó ṣe ń yí padà tí ooru bá kàn án

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe máásítà tàbí PhD lórí ike, tí wọ́n wá gbé kópólímà sítáírín kan (ike tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ jẹ́ sítáírín tí wọ́n fi nǹkan míì kún) lé yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ lọ wádìí kírísítà inú ẹ̀, ìyẹn ibi tí àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn ti tò gún régé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ike kan náà, látinú ìgò kan náà, lè ní oríṣi kírísítà márùn-ún, kẹ́míkà ẹ̀ ò sì ní yàtọ̀ rárá. Èyí tẹ́ ẹ máa bá nínú ẹ̀ dá lórí ohun tójú ẹ̀ ti rí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bí wọ́n ṣe yọ́ ọ, bí wọ́n ṣe mú un tutù, sọ́fẹ́ńtì (omi kẹ́míkà tó ń yọ́ nǹkan) tó ti kàn án rí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fáwọn tó bá bi mí pé ẹ má tíì sáré gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ kankan, ẹ wádìí ìtàn ẹ̀ ná, torí àwọn ẹ̀rọ yẹn ò ní parọ́ fún yín o, ìtàn sáńpù gan-an ni wọ́n máa sọ, tẹ́ ò bá sì mọ ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀ ẹ máa rò pé ohun tẹ́ ẹ rí ni ìwà ike náà látọ̀run wá.

Polystyrene tó jẹ́ syndiotactic, tí wọ́n ń pè ní sPS, àtàwọn kópólímà ẹ̀ ni mo máa fi ṣàlàyé jù, pàápàá èyí tí wọ́n fi p-methylstyrene díẹ̀ sí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kírísítà ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SBS lọ́wọ́ (kópólímà oníblọ́ọ̀kù, polystyrene lórí àti nídìí, polybutadiene láàárín), ẹ ní sùúrù, mo máa kàn yín nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wò ó bóyá ó tiẹ̀ lè di kírísítà

Polystyrene tó wà nílẹ̀ káàkiri, ike funfun tí wọ́n fi ń di ìrẹsì níbi ináwó, ife ike tó mọ́ gaara yẹn, kò ní kírísítà kankan, kò sì lè ní in láé. Atactic ni. Ẹ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn, tí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní etí kan tó yọ síta. Etí yẹn ni òrùka bẹ́ńsíìnì tó wà lára sítáírín. Tí etí yẹn bá ń lọ ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì láìṣìnà, syndiotactic nìyẹn, tí gbogbo ẹ̀ bá wà lápá kan ṣoṣo, isotactic ni, tó bá wá wà bó ṣe wù ú, ọ̀tún méjì, òsì kan, ọ̀tún kan, atactic ni, kò sì sí bí ẹ̀wọ̀n méjì irú ẹ̀ ṣe máa tò síra wọn tó máa gún régé.

Giulio Natta àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Milan ló kọ́kọ́ gbé isotactic jáde lọ́dún 1955. Ó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 240°C, àmọ́ ó lọ́ra láti di kírísítà débi pé iléeṣẹ́ ò rí i lò. Syndiotactic ò dé títí di 1985, Ishihara àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Idemitsu Kosan lórílẹ̀-èdè Japan ló ṣe é, wọ́n fi kẹ́míkà titanium àti methylaluminoxane sún un ṣiṣẹ́. Èyí máa ń yọ́ ní 270°C, ó sì yára di kírísítà ju isotactic lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi ṣe àwọn nǹkan ara mọ́tò àti ti iná mànàmáná tó gbọ́dọ̀ fara da ooru.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín rọrùn. Ẹ bu díẹ̀, ẹ kó o sínú butanone, ẹ sè é kó hó lórí reflux, kí èyí tó ń gòkè máa tutù padà sínú ìgò, fún wákàtí mélòó kan nínú fume hood (àpótí tó ń fa èéfín jáde), iná tó lójú ò gbọ́dọ̀ sí nítòsí o, torí nǹkan yẹn máa ń gbiná gan. Atactic máa yòrò, sPS ò ní yòrò. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbẹ èyí tó ṣẹ́kù, ẹ wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí syndiotactic inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá láǹfààní NMR, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì wo bí átọ́ọ̀mù ṣe wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe carbon-13 fún yín nínú sọ́fẹ́ńtì gbígbóná, kẹ́ ẹ wá wo carbon tó so òrùka bẹ́ńsíìnì mọ́ ẹ̀wọ̀n: ṣóńṣó kan ṣoṣo tó tínrín ní nǹkan bí 145.1 ppm, syndiotactic ni, tó bá wà ní nǹkan bí 146.2, isotactic ni, tó bá fẹ̀ tó sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ láàárín méjèèjì, ẹ ti mọ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ìtàn sáńpù sílẹ̀

Ẹ mú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti wá, ṣé páúdà ni àbí fíìmù, ooru tó ga jù tó ti rí àti iye ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀, ṣé wọ́n jẹ́ kó rọra tutù ni àbí wọ́n jù ú sínú omi yìnyín, sọ́fẹ́ńtì wo ló ti kàn án, ìgbà wo ló ti wà nípamọ́. Tẹ́ni tó fún yín ò bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ pé kò mọ̀, kẹ́ ẹ má méfò.

Ìdí tí mo fi ń da yín láàmú ni pé sPS máa ń rántí nǹkan. Oríṣi kírísítà márààrún yẹn ni álífà, bẹ́tà, gámà, dẹ́lítà àti ẹ́písílọ̀n, wọ́n sì pín sí agboolé méjì. Nínú α àti β, ẹ̀wọ̀n pólímà nà gbọọrọ ní zigzag, ó sì ń tún ara ẹ̀ ṣe ní gbogbo 5.1 Å (Å mẹ́wàá ló wà nínú nanomita kan), ooru ló sábà máa ń bí wọn. Nínú γ, δ àti ε, ẹ̀wọ̀n náà lọ́ yípo, ó ń tún ara ẹ̀ ṣe ní nǹkan bí 7.7 Å, ọwọ́ sọ́fẹ́ńtì ló máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Tẹ́ ẹ bá yọ́ sPS, tẹ́ ẹ sì mú un tutù lójijì nígbà tó ṣì tín-ín-rín bíi fíìmù, kò ní ráyè tò, bí dígí ló máa rí, kò sí kírísítà níbẹ̀. Ẹ gbé dígí yẹn padà sí nǹkan bí 150°C, α ló máa jáde. Tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ tẹ́ ẹ gbé e kọjá 300°C, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ wá jẹ́ kó rọra tutù, β ló máa jáde, òun ló sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù láàárín àwọn méjèèjì. Àmọ́ tó bá jẹ́ α ló wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ kàn gbé e dé 280°C péré kẹ́ ẹ tó mú un sọ̀ kalẹ̀, ó ti yọ́ lójú o, àmọ́ àmì α ò tíì pa rẹ́ nínú ẹ̀, α á tún padà wá. Ẹni méjì lè lo ike kan náà, kí wọ́n jẹ́ kó tutù ní bákan náà, kí èsì wọn yàtọ̀ torí pé ẹnì kan yọ́ tiẹ̀ dé 280 tí ẹnì kejì yọ́ tiẹ̀ dé 320. Ẹ má ṣàṣejù ṣá, tó bá pẹ́ lókè yẹn ẹ̀wọ̀n pólímà á bẹ̀rẹ̀ sí í já, kódà nínú naitirójìn.

Tó bá wá jẹ́ kópólímà, àjèjì tó wà láàárín ẹ̀wọ̀n, ìyẹn ẹyọ tí kì í ṣe sítáírín, máa ń dí ìtò lọ́wọ́, torí náà gbogbo nǹkan á lọ́ra sí i, á tún rọrùn láti di dígí. Ẹ má retí pé aago tí wọ́n fi ń ṣe sPS tí nǹkan kan ò lù mọ́ máa bá tiyín mu.

Ìgbésẹ̀ 3: DSC

DSC ni ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tí sáńpù ń gbà tàbí tó ń tú jáde bó ṣe ń gbóná. Ẹ kọ́kọ́ fi indium yẹ ẹ̀rọ wò, 156.6°C ló gbọ́dọ̀ ti yọ́, kí ooru tó gbà sì tó nǹkan bí 28.5 J/g. Tí iye yẹn bá yẹ̀, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ má rò pé ẹ máa yọ ọ́ kúrò lórí ìwé tó bá yá.

Ẹ wọn nǹkan bíi mílígíráàmù 5 sínú páànù alumíníọ̀mù, kó tẹ́ pẹrẹsẹ kó fara kan ìsàlẹ̀ páànù dáadáa, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kí naitirójìn máa fẹ́ sí i. Látorí 30°C, ẹ máa gbé e lọ sókè ní 10°C ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé 300°C, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe gbé e lọ, ẹ tún wá gbé e lọ sókè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ pa fáìlì ìgbóná méjèèjì mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó da ti àkọ́kọ́ nù torí wọ́n ti kọ́ ọ pé ìgbóná kejì nìkan ló mọ́, ìgbóná àkọ́kọ́ ni ìtàn sáńpù yín, ìgbóná kejì ni ìtàn tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín kọ sí i lára, ẹ nílò méjèèjì.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyí. Ní nǹkan bí 100°C, ìlà gíráfù á rọra gun àtẹ̀gùn kan, Tg nìyẹn, ibi tí apá tí kò di kírísítà ti ń rọ̀. Tí sáńpù bá ti jẹ́ dígí tẹ́lẹ̀, ẹ máa rí òkè kan tó ń tú ooru jáde ní nǹkan bí 145 sí 150°C, ó ń di kírísítà lójú yín nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yíyọ́ máa wá, nítòsí 270°C fún sPS gangan, nísàlẹ̀ ìyẹn fún kópólímà.

Ibi yíyọ́ yìí ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ máa ń rí ṣóńṣó méjì, nígbà míì mẹ́ta, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì kọ ọ́ síwèé kíá pé oríṣi kírísítà méjì ló wà ńbẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kírísítà tó tín-ín-rín lè yọ́, kó tún ara ẹ̀ tò kó nípọn sí i lójú ọ̀nà, kó wá yọ́ lẹ́ẹ̀kejì lókè, oríṣi kan náà ni ní gbogbo ìgbà yẹn. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ gbé sáńpù tí ìtàn wọn jọra lọ sókè ní 5, 10, 20 àti 40°C ní ìṣẹ́jú kan. Tí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ bá ń tóbi sí i bẹ́ ẹ ṣe ń yára, tí ti òkè ń kéré, a jẹ́ pé títún-ara-tò ni, torí pé bẹ́ ẹ ṣe ń yára kò ráyè tún ara ẹ̀ tò mọ́. Tí méjèèjì ò bá yí padà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ X-ray.

Ẹ lè ṣírò iye kírísítà inú ẹ̀ níbí. sPS tí gbogbo ara ẹ̀ bá jẹ́ kírísítà máa gba nǹkan bí 53 J/g láti yọ́. Ká ní tiyín gba 26.5 J/g nígbà tó yọ́, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ tú 16 J/g jáde ní 145°C, ẹ yọ 16 kúrò nínú 26.5, ó ku 10.5, ẹ fi 53 pín in, nǹkan bí 20% nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti yọ 16 yẹn kúrò, 50% lẹ máa kọ, kírísítà tí ẹ̀rọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lẹ máa kà mọ́ èyí tó bá a wá.

Fún kópólímà, ẹ tún lè mọ ibi tó yẹ kó ti yọ́. Fọ́múlà Flory nìyí: ẹ mú ìdá kan lórí ìwọ̀n ooru tí sPS gangan fi ń yọ́ ní kelvin, 1/543, ẹ wá yọ R × ln X ÷ ΔH kúrò níbẹ̀, èsì ẹ̀ ni ìdá kan lórí ìwọ̀n ooru tí tiyín á fi yọ́. X ni ìpín tó jẹ́ sítáírín, R ni 8.314, ΔH fún ẹyọ sítáírín kan jẹ́ nǹkan bí 5,500 J, ìyẹn 53 lọ́nà 104. Tí sítáírín bá jẹ́ 95%, ó máa bọ́ sí nǹkan bí 521 K, 248°C nìyẹn. Tó bá jẹ́ 90%, nǹkan bí 227°C. Ohun tí fọ́múlà yìí gbà gbọ́ ni pé àjèjì ò lè wọ inú kírísítà rárá, ìta ló máa ń dúró sí. Torí náà tí tiyín bá yọ́ lókè iye yìí dáadáa, ẹ bi ara yín bóyá àjèjì yẹn ń rí ọ̀nà wọlé, àbí ṣe ló kóra jọ sójú kan lórí ẹ̀wọ̀n tó fi àyè gbọọrọ sílẹ̀ fún sítáírín nìkan. Tó bá jẹ́ pé ó ń wọlé, X-ray máa sọ, àwọn ṣóńṣó ẹ̀ á sún sápá igun kékeré torí pé ilé kírísítà ti fẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 4: X-ray

Níbí ni ìdáhùn gidi wà. Ẹ lo X-ray CuKα, láti 5 dé 35° lórí 2θ (igun tí X-ray fi yà kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀), ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 10° bí ọ̀pọ̀ láàbù ṣe máa ń ṣe, torí àwọn ṣóńṣó tó ṣe pàtàkì jù fún α àti β, ìsàlẹ̀ 7° ni wọ́n wà, ẹ máa pàdánù wọn pátápátá.

α máa ń fara hàn ní nǹkan bí 6.7°, 11.7° àti 13.5°. Ẹ lè fi ọwọ́ ṣe é wò: 6.7° jẹ́ nǹkan bí 13.2 Å tẹ́ ẹ bá fi òfin Bragg ṣírò ẹ̀, ilé kírísítà α sì ní igun mẹ́fà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ 26.26 Å, ìdajì ẹ̀ sì ni 13.13. Ó bára mu. β ní tiẹ̀ wà ní 6.1°, 10.4° àti 12.3°, ilé tiẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin tó gùn, 8.81 Å níhìn-ín, 28.82 Å lọ́hùn-ún, 14.4 Å tó jẹ́ ìdajì 28.82 ló fún wa ní 6.1° yẹn. Ẹ ṣe ìṣírò yìí fúnra yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ò ní há nọ́ńbà kankan sórí mọ́, ẹ máa mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí 6.1 àti 6.7 papọ̀, tàbí 11.7 àti 12.3 papọ̀, àdàlù α àti β lẹ ní. Ẹ fi àwọn ṣóńṣó ní 11.7 àti 12.3 wọn ìpín wọn, àwọn yẹn ò gorí ara wọn jù. Ẹ má lo agbègbè 20°, gbogbo wọn ló kóra jọ síbẹ̀.

Àwọn tó lọ́ yípo ńkọ́? γ wà ní nǹkan bí 9.3°. δ tó ṣófo wà ní nǹkan bí 8.4°, àmọ́ tí toluene bá ṣì wà nínú ẹ̀, nǹkan bí 7.8° lẹ máa rí i, torí àlejò yẹn ń ti ilé náà fẹ̀. Bí toluene ṣe ń jáde, ṣóńṣó yẹn á máa rìn láti 7.8 lọ sí 8.4, ẹ lè máa fi ìyẹn mọ bí gbígbẹ ṣe ń lọ.

Nǹkan méjì péré ni mo máa bẹ̀ yín lé lórí X-ray. Ìkíní, fíìmù tí wọ́n tẹ̀ lẹ́rọ tàbí tí wọ́n nà máa ń ní kírísítà tó kọjú síbì kan ṣoṣo, ṣóńṣó kan lè ga fíofío kí òmíràn pòórá, ẹ má tíì sọ pé kò sí, ẹ yí fíìmù náà sápá míì, ẹ tún un yà. Ìkejì, ẹ má kàn lọ̀ ọ́ kó lè di páúdà, agbára àti ooru tó wà nínú lílọ̀ lè ba kírísítà tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n jẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Infrared, tẹ́ ò bá rí X-ray lò

Ọ̀pọ̀ láàbù wa ló ní FTIR, ẹ̀rọ infrared, tí kò ní X-ray, ẹ má jókòó lásán. Fíìmù tín-ín-rín ló dáa jù. Ṣóńṣó ní 1222 cm⁻¹ túmọ̀ sí pé ẹ̀wọ̀n nà ní zigzag, α tàbí β nìyẹn. Ṣóńṣó ní 571 cm⁻¹ túmọ̀ sí pé ó lọ́ yípo. Láàárín α àti β, ẹ wo agbègbè 900: α wà ní 901, β ní 911, èyí tí kò di kírísítà wà láàárín wọn ní nǹkan bí 905, torí náà ẹ nílò kọ̀ǹpútà tó máa pín wọn sọ́tọ̀, ẹ má fi ojú lásán pín in. Tó bá jẹ́ kópólímà p-methylstyrene, ẹ ya atactic irú ẹ̀ náà kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ṣóńṣó tó jẹ́ ti àjèjì má baà dà yín láàmú.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo ìyípadà náà fúnra yín

Iṣẹ́ tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí, kò sì gbówó lérí púpọ̀. Ẹ mú fíìmù sPS tàbí kópólímà ẹ̀ tó ti di dígí, ẹ gbé e sókè toluene nínú ìgò tó ní ìdérí kó máa gba toluene tó ń gòkè bí afẹ́fẹ́ nìkan, kó má kan omi ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Fume hood ni o, ìbọ̀wọ́ ni o, kí ìgò yẹn má dúró nítòsí ẹ̀rọ iná kankan. Fíìmù yẹn á di δ pẹ̀lú toluene nínú, ẹyọ sítáírín mẹ́rin sí toluene kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣófo, carbon dioxide tó wà ní supercritical (tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì gbé gbóná débi pé kì í ṣe omi kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́) ló ń yọ àlejò yẹn, toluene, jáde dáadáa jù, níbi tí kò bá ti sí, ẹ rẹ ẹ́ sínú acetone, ẹ máa pààrọ̀ acetone náà léraléra, ẹ wá fi vacuum gbẹ ẹ́, kí ooru ẹ̀ má dé Tg. Ohun tó máa ṣẹ́kù yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ẹ̀, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu di báyìí: kírísítà tó fúyẹ́ ju apá tí kò di kírísítà lọ, nǹkan bí 0.98 g/cm³ sí 1.05, torí pé ihò kéékèèké tí toluene fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì wó. Àwọn tó wà pẹ̀lú Guerra ní Salerno lórílẹ̀-èdè Ítálì ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi hàn pé ihò yẹn lè fa chloroform àti toluene jáde látinú omi kódà tó bá kéré gan nínú omi náà. Ẹ rò ó wò, ike tó lè máa fa kẹ́míkà olóró kúrò nínú omi, kìkì nítorí bí ẹ̀wọ̀n inú ẹ̀ ṣe tò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e gbóná. Tẹ́ ẹ bá ní X-ray tó ní hot stage, ẹ kàn máa yà á bó ṣe ń gòkè. Tẹ́ ò bá ní in, ẹ gé fíìmù kan náà sí méje, ẹ fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ófùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 80, 110, 130, 160, 190, 205 àti 225°C, ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù, ẹ wá yà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí δ níbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti kọjá Tg, ní agbègbè 130°C, 8.4° á pòórá, 9.3° á yọjú, ó ti di γ, ihò ti dí, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ṣì lọ́ yípo. Ní nǹkan bí 190 sí 200°C, 9.3° náà á lọ, 6.7° àti 11.7° á dé, ẹ̀wọ̀n ti nà, ó ti di α, kò sì kọ́kọ́ yọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí DSC, ẹ máa rí àwọn ìyípadà kan náà bí àmì kékeré, lórí TGA, ẹ̀rọ tó ń wọn bí sáńpù ṣe ń fúyẹ́ bó ṣe ń gbóná, ẹ máa rí ibi tí toluene ti ń jáde, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ṣóńṣó kan lórí DSC nítòsí 120°C, ẹ wo TGA kẹ́ ẹ tó pè é ní ìyípadà kírísítà, ó lè jẹ́ pé toluene ló ń lọ.

Kópólímà máa ń sún àwọn nọ́ńbà yìí, ẹ fi sPS tí ò lábùlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú ófùn kan náà lọ́jọ́ kan náà kẹ́ ẹ lè fi wéra. Tí iná bá lọ nígbà tí fíìmù δ wà nínú ófùn, ẹ lè fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, kò le. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ń jẹ́ kó rọra tutù láti 320 láti fi wá β niná lọ, ẹ má lo sáńpù yẹn mọ́, ẹ ò mọ bó ṣe yára tutù tó, ìtàn ẹ̀ ti dàrú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SBS ńkọ́?

SBS, tí Shell gbé dé ọjà lọ́dún 1965 lórúkọ Kraton, tó wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àti nínú ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, polystyrene tó wà lórí ẹ̀ atactic ni, torí náà ẹ ò ní rí kírísítà sítáírín níbẹ̀, ẹ má wá a. Ohun tó máa ń tò ńbẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: polystyrene orí àti ìdí ò fẹ́ràn polybutadiene àárín, wọ́n á yapa, àmọ́ wọn ò lè jìnnà torí ẹ̀wọ̀n kan ló so wọ́n pọ̀, ni wọ́n bá tò ní ìwọ̀n nanomita mẹ́wàá mẹ́wàá. Tí sítáírín bá kéré, bọ́ọ̀lù ni, tó bá pọ̀ díẹ̀, ọ̀pá tó tò ní igun mẹ́fà, tó bá tó ìdajì, pẹ́ẹ́rẹ́ lórí pẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ nílò ni SAXS, ìyẹn X-ray tó ń wo igun kéékèèké gan. Ẹ wá ṣóńṣó àkọ́kọ́, ẹ fi q ẹ̀ pín 2π, tó bá jẹ́ 0.02 Å⁻¹, nǹkan bí 31 nanomita ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìpín tó wà láàárín àwọn ṣóńṣó tó tẹ̀ lé e: 1, 2, 3 jẹ́ pẹ́ẹ́rẹ́, 1, √3, 2 jẹ́ ọ̀pá, 1, √2, √3 jẹ́ bọ́ọ̀lù. Kẹ́ ẹ tó yà á, ẹ jẹ́ kó yòrò nínú toluene, kí toluene yẹn wá gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí kẹ́ ẹ fi vacuum gbé e gbóná kọjá Tg polystyrene, pẹ̀lú antioxidant, torí polybutadiene máa ń so ara ẹ̀ pọ̀ tí atẹ́gùn bá kàn án nínú ooru, tó bá ti so pọ̀ tán kò ní tò mọ́. Ní DSC, ẹ retí Tg méjì, ọ̀kan ní nǹkan bí −90°C, ìkejì nítòsí 90 sí 100°C, tí méjèèjì bá ń sún mọ́ ara wọn, wọ́n ti ń dàpọ̀. Ibi tí ìtò náà ti tú palẹ̀ pátápátá, ṣóńṣó SAXS á fẹ̀ lójijì, G′ (bí ike náà ṣe le tó) lórí rheometer náà á já wálẹ̀, àmọ́ fún SBS tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ gùn, ooru lè bà á jẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé apá kejì lára blọ́ọ̀kù yín ló ń di kírísítà, bíi PEO (polyethylene oxide) tí wọ́n so mọ́ polystyrene, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. PEO lásán máa ń di kírísítà dáadáa ní agbègbè 40°C bẹ́ ẹ ṣe ń mú un tutù. Àmọ́ tí polystyrene bá tì í mọ́nú bọ́ọ̀lù kéékèèké, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní láti dá bẹ̀rẹ̀ kírísítà tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀ tó máa ràn án lọ́wọ́, ó lè má di kírísítà títí tó fi wọ ìsàlẹ̀ òdo. Torí náà ẹ má dá DSC yín dúró ní 20°C kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ pé kò ní kírísítà, ẹ mú un lọ dé −60°C, kẹ́ ẹ tó gbé e padà sókè.